Bí Bàbá Bá Yán, Ajá Á Yán

Bí bàbá àgbà kan bá yán níwájú ilé rẹ̀ ní Choggu, nílùú Tamale lórílẹ̀-èdè Gánà, ó ṣeé ṣe kí ajá rẹ̀ náà yán. Kò fi bàbá ṣẹ̀sín o. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù yán níwájú ajá 29. 21 ló yán tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n kàn la ẹnu lásán, ọ̀kan kò yán. Ẹni tó ń sin àgùntàn mọ ìwúlò irú ìfarawé bẹ́ẹ̀: bí ọ̀kan bá ta gìrì, agbo á sá; èyí tó dúró wádìí ni ẹranko búburú yóò pa jẹ. Ọmọ tó ń rá lọ sídìí iná náà, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò: bí ẹ̀rù bá hàn níbẹ̀, á bá ìyá bẹ̀rù, á fà sẹ́yìn.