Àwọn Ẹrú Stono Ló Rí Erin, Tí Wọ́n Sọ Pé Erin Ni

Ní ọdún 1705, àgbẹ̀ kan rí eyín ràbàtà kan ní Claverack, ní ìpínlẹ̀ New York. Ife ọtí rọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín náà wọ̀n ju kílò 2 lọ. Gómìnà fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ní eyín òmìrán ni. Àlùfáà Cotton Mather ti Boston náà gbè é lẹ́sẹ̀: ó ní ti àwọn òmìrán inú Bíbélì ni, àwọn tí ìkún omi ayé Nóà gbé lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1725, wọ́n tún hú irú eyín ńlá bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Stono, ní South Carolina. Àwọn ẹrú tí wọ́n bí sí Áfíríkà wò ó, ohùn wọn sì ṣọ̀kan: eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ erin ni. Mark Catesby, ará Ìlú Ọba tó ń ṣèwádìí ẹranko àti ewéko ibẹ̀, ló kọ ọ́ sínú ìwé. Kò kọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn.

Charleston, tí kò jìnnà sí Stono, ni mò ń gbé, ọmọ alápatà Bódìjà ní Ìbàdàn sì ni mí. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa tí a máa ń ṣa eyín létí òkun ní Folly Beach máa ń tẹ́ ohun tí a rí sórí aṣọ ìnura, a ó sì máa jiyàn. Ti àkurákudà ló pọ̀ jù, kò sì sí wàhálà lórí ìyẹn: egungun ẹja náà rọ̀, ó tètè ń jẹrà, eyín rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Orí ti ẹṣin àti ti màlúù ni ìjà máa ń wà. Dúdú ni gbogbo wọn, ilẹ̀ ti sọ wọ́n di òkúta. Èmi máa ń yí eyín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Bí mo bá rí òpó tín-ínrín kan láàárín ìlàjì rẹ̀ méjèèjì, ti màlúù tàbí ìbátan rẹ̀ ni. Ẹṣin kò ní in. Orí màlúù tí bàbá mi ń là ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni kan tó kàwé dáadáa bá mi fà á títí, ó lọ yẹ ìwé wò, ó padà wá, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ erin kò ṣeé ṣì mọ̀. Ojú rẹ̀ ní ìlà líle tó tò tẹ̀léra bí ebè oko, bákan náà sì ni ti mammoth, ìbátan erin tó ti kú run. Ti Claverack, mastodon ló ni ín, ẹranko ńlá mìíràn tó ti kú run. Kókó-kókó ni ojú tirẹ̀, ìyẹn ló fi jọ eyín èèyàn lójú ẹni tí kò rí erin rí.

Lóòótọ́, mammoth ni ti Stono, kì í ṣe erin inú igbó wa. Ọdún 1796 ni Cuvier, ọ̀mọ̀wé Faransé, tó fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni wọ́n. Ní 1942, George Gaylord Simpson, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ nípa egungun ẹranko àtijọ́, gbà pé àwọn ẹrú wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ dá irú egungun bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa ní Amẹ́ríkà.

Ní 2014, ọmọ ọdún 8 kan kọ̀wé sáwọn aṣòfin South Carolina pé kí wọ́n fi mammoth ṣe àmì ìpínlẹ̀. Ó mẹ́nu kan eyín tí àwọn ẹrú hú. Àwọn aṣòfin kan fẹ́ ti ẹsẹ Jẹ́nẹ́sísì bọ inú òfin náà. Wọ́n jà sí i títí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Òfin náà kò mẹ́nu kan àwọn ẹrú náà rárá. Lójú tèmi, ìwà àìmoore ni.

Nílé wa ní Nàìjíríà náà, òkúta ẹfun Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, abẹ́ òkun ló ti dì ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nídìí katapílà níbẹ̀, bí ẹ bá rí eyín tàbí egungun nínú òkúta, ẹ má jẹ́ kó wọ ẹ̀rọ ìlọ̀kúta. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, ẹ mú un tọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta lọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi kọ orúkọ yín sílẹ̀.