Ẹ Má Sun Jogbo Mọ́

Ẹ̀yin ará Òdògbolú, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dáko nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbà gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò: pé jogbo, igbó olódòdó bí ìyeyè yẹn, ló ń ba ilẹ̀ jẹ́, pé níbi tó bá ti hù, kẹ́míkà tàbí iná ló tọ́ sí i. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń ná wa lówó.

Ẹ wo ibi tó ń hù sí: etí títì Ṣàgámù sí Benin, ilẹ̀ tí katakata ti ha òkè rẹ̀ lọ, ilé àpatì, ààtàn. Kí jogbo tó débẹ̀ ni ilẹ̀ ọ̀hún ti bàjẹ́. Àwa la bà á jẹ́. A wá bá jogbo níbẹ̀, a ní òun ló ṣe é.

Wọ́n tún ní àlejò ni. Òótọ́ ni, Mexico àti agbègbè rẹ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú ńkọ́? Àgbàdo ńkọ́? Ṣebí ọ̀nà Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ti wá. Ta ló ń lé wọn?

Àwọn onímọ̀ tó yẹ ewé jogbo wò ní ìwọ̀-oòrùn Kenya tẹ àbọ̀ wọn jáde lọ́dún 2000. Nínú 100 kílò ewé gbígbẹ, wọ́n bá náítírójìn bíi kílò 3.5 àti pọtáṣíọ̀mù bíi kílò 4. Ilẹ̀ oníyanrìn ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òjò tètè ń fọ pọtáṣíọ̀mù rẹ̀ lọ, ẹ̀gẹ́ náà sì ń jẹ ẹ́ gan-an. Ohun tí ilẹ̀ wa ń wá gan-an ló wà nínú ewé tí à ń sun! Bí iná bá sì ti mú un, náítírójìn bá èéfín lọ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe ọgbà permaculture, ìlànà tí Bill Mollison àti David Holmgren ará Australia kọ ìwé lé lórí ní 1978, a máa gbin irú igi bíi jogbo sétí ọgbà, kí wọ́n lè máa gé e tẹ́lẹ̀. Ẹ gé ọ̀pá jogbo tó gbó, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò hù. Tó bá ti ga tó ènìyàn, ẹ fi àdá bẹ́ ẹ níbi tó bá orúnkún dọ́gba. Ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pá líle kì í tètè jẹrà. Kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ewé náà á ti dúdú, á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀rù kan tó ń ba àwọn àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: oje ewé tútù rẹ̀ lè máà jẹ́ kí irúgbìn hù. Nítorí náà, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fọ́n ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀. Jogbo sì ń ràn kiri. Ẹ bẹ́ ẹ kí òdòdó rẹ̀ tó gbẹ. N ò sọ pé kí olóko ńlá pa ajílẹ̀ tì. Náítírójìn inú àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kan, tó jẹ́ 50 kílò, tó kílò 7.5, ká tó rí iye yẹn nínú jogbo, ewé tútù á tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń sọ, bẹ́ẹ̀dì ilá àti ata.

Láti oṣù kẹwàá ni jogbo yóò tún máa tan òdòdó bí ìyeyè ní gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbé iṣẹ́ ríro ojú ọ̀nà fún, ẹ má dáná sí i. Ẹ kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ lè wá rù ú lọ.