Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ẹ Má Lé Owó Ìwé Lọ



Télọ̀ ni mí ní Ìsọlọ̀ níbí, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà nídìí máṣíìnì. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra bọ́tìnnì àti síìpù ní Òkòtà. Mo bá bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà: "Tiransífà nìkan." Mo fa ẹgbẹ̀rún méjì náírà yọ, ọmọ tó ń tajà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀gá mi ní a ò gbọdọ̀ gba káàṣì mọ́." Mo bi í pé ṣé owó ọwọ́ mi kì í ṣe owó Nàìjíríà ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní owó ìwé ti di ti ayé àtijọ́. N kò bá ọmọ náà jà, torí iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó ń ronú bíi tirẹ̀ ni mo ń bá wí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀tá fóònù ni mí o. Mo ní àwọn oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀n ara wọn ránṣẹ́, owó iṣẹ́ á sì ti wọlé kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Àwa tí a sì mọ Ọ̀ṣòdì kí wọ́n tó ṣí ibùdókọ̀ ńlá olókè ti ọdún 2019, a mọ ohun tí ọwọ́ àwọn jàgùdà máa ń ṣe lápò èèyàn. Fóònù ti gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn díẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá rí ọ̀nà tuntun, kó má dí ti àtijọ́ pa.

Ẹ kò tíì gbàgbé ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Wọ́n ní ti àtijọ́ kò ní ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó tuntun kò kárí. Owó wà ní báńkì, ebi wà nílé. Gbogbo wa sáré gba orí fóònù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà ibẹ̀ náà dí. Ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ń ná ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tù wá. Nígbà náà, ẹni tó gbójú lé owó ìwé nìkan jìyà, ẹni tó gbójú lé fóònù nìkan náà jìyà.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi ti tán láti àárọ̀, orí sì ti ń fọ́ ọ. Mo dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, mo tẹ fóònù. Báńkì mi yọ owó lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oníkẹ́míìsì ní, "Bàbá, kò tíì wọlé o." Mo jókòó láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí ó fi kọjá aago mẹ́jọ. Mo lọ bá àwọn oní-POS mẹ́ta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. N kò ní ju igba náírà lọ lápò. Ta ló gbà mí? Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni. Ó ka owó láti inú agolo rẹ̀, ó ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ lọ fi ra oògùn ìyàwó yín, ẹ ó dá a padà." Owó mi tó há sójú ọ̀nà, ọjọ́ kẹfà ló tó padà sọ́wọ́ mi. Bí kì í bá ṣe owó ìwé inú agolo alákàrà ńkọ́?

Èmi ti rò tẹ́lẹ̀ pé inú afẹ́fẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà láti ìlú òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí àwọn òpó gíga tí a ń rí káàkiri. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ló là mí lóye pé wáyà ni. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n tẹ́ ẹ sí láti Yúróòpù títí dé Èkó, okùn gíláàsì tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ àti owó wa kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, wáyà mẹ́rin ló bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ilé iṣẹ́ MainOne ní ibi tí tiwọn ti bàjẹ́ jìn tó kìlómítà 3 nísàlẹ̀ omi, pé kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja, pé ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní láti rán lọ fa wáyà náà sókè kí wọ́n tó so ó, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì gbà.

Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé. Kí ló jẹ́ kí fóònù wa tún máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó so wáyà náà tán? Àwọn wáyà mìíràn, bíi Glo-1 àti Equiano ti Google, kò já, orí wọn sì ni àwọn ilé iṣẹ́ sáré yà sí. Àwọn tó ni íntánẹ́ẹ̀tì gan-an mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Àwa tí a ń lò ó ni a fẹ́ gba ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ẹ má sì sọ pé ìyà Nàìjíríà ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí olè má wọ̀ ọ́, fi àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dákú káàkiri ayé. Ọdẹ tí a gbà pé kó ṣọ́lé ló ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé síta. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra. Ní àwọn pápákọ̀ kan ní India, bírò ni wọ́n fi kọ ìwé ìwọkọ̀ fún èrò. Ní Sweden pàápàá, níbi tí wọn kì í ti í fẹ́rẹ̀ẹ́ ná owó ìwé mọ́, ìjọba pín ìwé pẹlẹbẹ kan kiri ilé gbogbo ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 lórí ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe bí ogun tàbí wàhálà bá dé. Lára ohun tí wọ́n ní kí kálukú ní nílé ni owó ìwé. Àbí àwa ni a lajú ju Sweden lọ?

Nígbà tí mo ra máṣíìnì oníná, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ta ẹlẹ́sẹ̀ tiwọn. Èmi kò ta tèmi. Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí a ṣe ìgbéyàwó, orí rẹ̀ ni mo ń sá lọ. Aṣọ oníbàárà mi kò sì já mi kulẹ̀ rí nítorí iná.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ bébà yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá kọ náírà ti ṣẹ̀ sófin. Ẹ̀yin báńkì, owó tí ẹ bá yọ tí kò dé ibi tó ń lọ, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà, torí òmíràn nínú rẹ̀ owó oògùn ni. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ má sọ owó ìwé di ọ̀wọ́n fún mẹ̀kúnnù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n ti ní kí a máa san ₦100 lórí ₦20,000 tí a bá gbà lójú ATM báńkì tí kì í ṣe tiwa. Ẹ dín in kù.

Ẹ̀yin ará ilé wa, n kò ní kí ẹ kó gbogbo owó yín sábẹ́ ìrọ̀rí o. Olè ń bẹ, iná ń bẹ. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan àti owó oògùn, ní wẹ́wẹ́, tó fún ẹni tó ní agbára rẹ̀. Ẹni tí kò ní i lẹ́ẹ̀kan, kó máa fi sínú kóló díẹ̀díẹ̀ bíi ti alákàrà.

Mo ti dá owó ìyá alákàrà padà, ṣùgbọ́n n kò tíì dúpẹ́ tán.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Bàbá Télọ̀,
Ìsọlọ̀, Èkó.