Èjìká Òṣìṣẹ́: Kí A Tó Sọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Abẹ

Àwa tí a ń gbé àpò nílé ẹrù, àti awakọ̀ tó ń wa dánfó láti Dùgbẹ̀ dé Challenge látàárọ̀ dalẹ́, bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sí àádọ́ta, èjìká a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá lẹ́nu. Apá kò ní lè dé fìlà mọ́, oorun a di ogun. Bí wọ́n bá yàwòrán rẹ̀, wọn a ní iṣan ti ya. Jìnnìjìnnì a bo onítọ̀hún, a máa wá ẹni tí yóò jẹ́ kí òun kó èsúsú ṣáájú oṣù òun, kí ó lè rí owó iṣẹ́ abẹ.

A ní kí ẹ fara balẹ̀. Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú, bí okùn tí a fi di ẹrù sórí lọ́rì. Èyí tó gbó tó sì ya díẹ̀díẹ̀ kò ní lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bí a bá fún àwọn yòókù lókun, wọ́n lè gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn dókítà ilẹ̀ Finland dán an wò lára èjìká 180, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Àwọn kan ṣe eré ìdárayá nìkan, àwọn yòókù ṣe iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàrin wọn. Ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn 452 tó fi eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀, àwọn tó padà ṣe iṣẹ́ abẹ láàrin ọdún méjì kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ti ẹni tó já bọ́ láti orí ọkọ̀, tí apá rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé mọ́ lójijì, yàtọ̀ o. Kí ó tètè rí dókítà. Irú èyí lè fẹ́ iṣẹ́ abẹ kíákíá.

Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì, UCH kò sì jìnnà sí Onírèké. Fífi ìka gun ògiri, fífa rọ́bà: sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ló le níbẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọ̀gá. Ta ni yóò ṣe eré ìdárayá láàárọ̀, tí yóò tún gbé àpò sìmẹ́ǹtì lọ́sàn-án? Iṣẹ́ tó fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, owó oṣù pípé, àti àyè láti lọ gba ìtọ́jú, ohun tí a ń béèrè nìyẹn. Òfin owó gbà-má-bínú ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò NSITF nítorí irú èyí, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wa. Bí ibi iṣẹ́ bá ló ṣe èjìká yín léṣe, ẹ fi tó ọ̀gá létí kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan fún aṣojú ẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ yín.