Wísíkì, Ògógóró àti Òfin

Àwọn kan a máa wí pé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni ọtí líle sísè láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn kò jẹ́rìí sí i. Nínú ìwé ìṣirò owó Ọba James Kẹrin ti ilẹ̀ Skọ́tlándì, ní 1494, a kọ ọ́ pé kí a fún Arákùnrin John Cor, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ayé sílẹ̀ láti sin Ọlọ́run, ní òṣùwọ̀n bóòlì 8 ọkà báálì tí a ti mú hù, kí ó fi ṣe "omi ìyè" nípa àṣẹ Ọba. Omi ìyè kan náà ni ìtumọ̀ uisge beatha ní èdè Gaelic, níbi tí orúkọ wísíkì ti jáde.

Kì í ṣe àwọn mọ́ńkì ni ó kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n yìí; ṣáájú wọn ni àwọn amòye ilẹ̀ Lárúbáwá ti ń se nǹkan nínú ìkòkò, tí wọ́n sì ń gba ooru rẹ̀ kí ó tún di omi. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́ńkì ní ọkà, wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn. Oògùn ni a kà á sí. Ní 1505, àwọn onígbàjámọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní Edinburgh ni a fún ní ẹ̀tọ́ àtiṣe é ní ìlú náà.

Nígbà tí ẹ̀sìn ilẹ̀ náà yí padà ní 1560, àwọn ilé mọ́ńkì tú ká, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò bá wọn lọ. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ará oko. Ní 1644 ni owó-orí dé lórí rẹ̀. Bí owó náà ti ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ń wọ inú òkè lọ lóru. Òfin 1823 ni ó mú un jáde: ẹni tí ó bá san pọ́n-ùn 10 fún ìwé àṣẹ, tí ó sì san owó-orí galọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, lè sè é ní gbangba.

Irú ọ̀ràn yìí wà nílé wa. Ògógóró tí a ń fi ẹmu sè, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é ní èèwọ̀, ó sì fi àwọn tí ń sè é sẹ́wọ̀n. Ohun tí a bá sè nínú òkùnkùn, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ní 2015, ògógóró tí májèlé mẹ́tánóòlì wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers.

Àwa kò gbé ọtí ga. Ọ̀mùtí kò níyì lójú wa. Ohun tí a ń wí ni pé kí àwọn aláṣẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ rọrùn fún àwọn ará oko, kí a máa yẹ ọtí wọn wò, kí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí a ti kọ ti John Cor. Ìkòkò tí ó wà ní gbangba ni ojú lè tó.