Orí Kan, Olórí Púpọ̀

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú onígbàjámọ̀ rí mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Olórí á dorí kodò, onígbàjámọ̀ á fi omi rin irun rẹ̀, á bi í bóyá kí òun dá díẹ̀ sí níwájú ni tàbí kí òun fá a kodoro. Bí abẹ bá kan ojú egbò, olórí á ké, ọwọ́ onígbàjámọ̀ á sì rọ̀. Òwe náà kò ní kí a má fá orí o. Irun ń hù, gígé ló sì yẹ ẹ́. Ohun tó ń wí ni pé kí ẹni tó ni orí wà ní ìjókòó, torí òun ló mọ ibi tó ń dun òun, òun náà ni yóò sì gbé orí ọ̀hún rìn lọ́jà lọ́la.

Ọ̀rọ̀ Wikipéédíà ló mú mi ronú kan òwe yìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2001 tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àwọn tó ń kọ ọ́ ń kọ ọ́: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. MediaWiki, sọ́fítíwíà tó gbé e ró, kò sí ẹni tí wọ́n fi inú rẹ̀ pamọ́ fún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà, Wikimedia Foundation, tó ń san owó oṣù fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bójú tó o. Ọwọ́ àwọn tó ń gbowó ni abẹ wà, orí àwọn tí kì í gbowó ni wọ́n ń fá. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ojú ìkànnì náà dà.

Ní ọdún 2014, wọ́n fá orí kan lẹ́yìn olórí. Àjọ náà gbé ọ̀nà tuntun kan dé, tí àwòrán fi ń ṣí gbàgà bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kọ Wikipéédíà èdè Jámánì dìbò pé àwọn ò fẹ́ kó máa ṣí bẹ́ẹ̀, àfi fún ẹni tó bá dìídì yàn án. Àjọ kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ibẹ̀ bá pa nǹkan náà. Àjọ dá a padà, ó sì ti ojú ewé tí wọ́n fi pa á pẹ̀lú irú ẹ̀ṣọ́ kan tí kò sí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n pè ní superprotect. Alábòójútó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbò yàn kò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Bí àwòrán ṣe ń ṣí kọ́ ló dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń fi oorun rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọdún gbọ́rọ̀ ló wá rí i pé ìbò òun kò já mọ́ nǹkan kan. Ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2015 kí wọ́n tó mú superprotect kúrò.

Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé irú ìbínú yẹn fún ará Ìdí-Ìrókò, ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni àṣẹ ti Àbújá dé tí wọ́n ti ẹnubodè pa. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ìjọba ní tìtorí fàyàwọ́ ni, a kò sì lè ní fàyàwọ́ kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà ní Ìgòlò ní òdìkejì, ní Bẹ̀nẹ̀, tó ń ná sẹ́fà àti náírà pọ̀ lójúmọ́ kan náà, òun ni orí tí wọ́n ń fá. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fi ojú rere wo ọ̀nà tí àjọ Wikimedia gbà nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ojú Wikipéédíà ṣe. Ìmúra tó wà lára rẹ̀ nígbà náà ti wà látọdún 2010. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wá olórí lọ kí wọ́n tó pọ́n abẹ. Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda tó lé ní 30 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọ́n dé Íńdíà, wọ́n dé Gánà ní Áfíríkà níbí. Èdè Faransé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á wò ní ọdún 2020, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Faransé lórí kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ fi rí i ṣáájú èmi tí mò ń ka Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín. Àwọn oníGẹ̀ẹ́sì jiyàn lé e lórí ní 2022, wọ́n ní àwọn gbà, bí ẹnikẹ́ni bá ti lè tẹ nǹkan kan kí ìlà ìwé fẹ̀ padà. Torí ìlà kúkúrú tó fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ ní funfun báláú ni ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́. Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2023 ló dé orí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo ṣì sọ, wọ́n tún pe ìpàdé mìíràn pé kí wọ́n dá a padà sí ti àtijọ́, ohùn kò ṣọ̀kan, ó sì dúró. Títí dòní, ẹni tó bá forúkọ wọlé lè yan ti 2010 padà. Ariwo tó sọ kò burú lójú mi. Olórí wà ní ìjókòó ló ṣe ké.

Ibi tí òwe yìí ti wá le nìyí: ta ni olórí? Àwọn tó wá dìbò kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan, àwọn tó ń kà á kò lóǹkà. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n tún ṣe nígbà yẹn. Ti fóònù, ọ̀tọ̀ ni ìmúra tirẹ̀, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò ní ìhà Yewa níbí, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tó wà lára àwọn bọ́tìnì. Àwọn olùyọ̀ǹda náà ló ń túmọ̀ wọn sí Yorùbá. Bí bọ́tìnì tuntun bá dé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ráyè túmọ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò yọ sókè láàrin Yorùbá. Àmì tí a ó tẹ̀ lórí fóònù kí a lè bọ́ sí èdè mìíràn, lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà kan àti A ló wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ẹnubodè ńkọ́?

Èmi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru onígbàjámọ̀. Olórí tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ wá. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe ìjíròrò wọ̀nyí, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń kọ Wikipéédíà sì wà, àmọ́ ìwọ̀nba ló ń dá sí i nígbà tí ètò ṣì wà lórí ìwé. Ó ń dùn mí, torí ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò wọ́n ní Ìláròó àti Ayétòrò. Ẹ̀wẹ̀, kí ẹni tó ń ṣètò má ka ìdákẹ́jẹ́ sí àdéhùn. Ẹlòmíràn dákẹ́ torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jiyàn. Ẹlòmíràn, dátà rẹ̀ ló tán.

Bí àtúnṣe mìíràn bá ń bọ̀, kí wọ́n gbé e wá sí Ìdí-Ìrókò nígbà tó bá ṣì jẹ́ àwòrán lásán. Kí wọ́n wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ Faransé, Ègùn àti Yorùbá, irú wọn pọ̀ níbí. Kí wọ́n fi fóònù lé e lọ́wọ́, kí wọ́n ní kó bọ́ láti ojú ewé Faransé sí ti Ègùn, láti ti Ègùn sí ti Yorùbá, kí wọ́n má sì sọ ibi tí yóò tẹ̀ fún un.