Ẹ Fi Àjẹ́ Sílẹ̀, Sìgá Ni

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ilẹ̀ Kétu: Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí kò ní dùn létí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ ọdún 23, tó ń wa zẹ́mijàn, dìde lóru, ó di àyà mú. Ó ní ó dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé òun láyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń wá ẹni tó ta á lọ́fà. Wọ́n ní ìyáálé ìyá rẹ̀ ni. Ìyá àgbà yẹn sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìgbà tí a wá gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi í ni pé: «Sìgá mélòó lo ń mu lóòjọ́?» Páálí kan ni. Láti CEG ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nikotíìnì inú sìgá a máa mú ọkàn sáré, a sì máa fún iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà pọ̀. Èéfín rẹ̀ á tún gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ń sáré, oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù, ṣé kò ní ké ni? Ikọ́ ojoojúmọ́ náà á máa ro ẹran ìhà. Ikọ́ ife pàápàá tètè ń mú ẹni tó ń mu sìgá. Ẹni bá wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìtọ́jú ikọ́ ife kò gba owó ní Benin. Bí àyà bá ń dunni, tó ń ro dé apá, tí òógùn tútù ń bò ọ́, má dúró di àárọ̀.

Àwọn kan á ní: «Bàbá mi mu sìgá, ó sì lo 80 ọdún.» Ẹ ò ka àwọn tí kò dé 50 mọ́ ọn.

Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ni mo ń bá wí. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ọdún 19 ni mo fi mu sìgá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ kékeré ni mò ń rán: «Lọ ra ẹyọ méjì wá, fi ṣẹ́ńjì ra bisikíìtì.» Ọmọ àbúrò mi yẹn wà lára àwọn tí mo rán. Àwa la fi ọ̀nà bùtíìkì hàn wọ́n.

Òfin 2017-27, ti 18 oṣù Kejìlá 2017, ní a kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọdé. Àfi bíi pé Kùtọnu nìkan ló gbọ́! Ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Níbi òkú àgbà, sìgá àti sódabì ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, àwa àgbà jókòó síbẹ̀, à ń wò.

Mo bẹ Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè: ẹ lu agogo. Kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá fún ọmọdé, kí sìgá má sì sí níbi ìnáwó òkú mọ́. Ìyẹn kò gba ìwé láti ọ̀dọ̀ mẹ́rì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni bá jáwọ́ fún ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá kó bá a á ti dín sí bí ìdajì.

Ọmọ yẹn ti jáwọ́, oṣù mẹ́rin rèé. Kò sí ẹni tó tíì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyáálé ìyá rẹ̀. Mo ti sọ fún àbúrò mi: lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ.